Sísì Tí Erlend Sún

Ọkùnrin náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹyẹ etí odò. Ẹsẹ̀ kejì wà lókè, kò sì rí ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Gbogbo koríko jọ̀lọ̀ tó yí ihò gọ́ọ̀fù náà ká ló kún fún nǹkan kéékèèké: owó idẹ, èèkàn igi tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé, báàjì aláwọ̀ búlúù, pẹ́ńsùlù kúkúrú tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Atẹ́gùn òkun ló já ìdérí agolo bisikíìtì gbà mọ́ Effie Lumsden lọ́wọ́, tó sì da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí iwájú àjèjì.

"Ẹ má sọ ẹsẹ̀ yẹn kalẹ̀!" Effie pariwo láti ojú ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ wọ́n!"

"Mi ò tíì sọ ọ́ kalẹ̀," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Àmọ́ ẹ yára díẹ̀, arábìnrin. Èmi kì í ṣe ẹyẹ."

Ọ̀nà tí àwọn ará Pitlarrie ń gbà lọ sí àárín ìlú ló la pápá gọ́ọ̀fù kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, àwọn agbábọ́ọ̀lù á dúró kí ó lọ tán. Òfin àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tí ẹni tó ń kọjá da ẹrù sílẹ̀ sí ẹnu ihò.

Effie kúnlẹ̀, ó ń ṣà wọ́n. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ máa ń le kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rí àyè sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ níkẹyìn, òun náà sì kúnlẹ̀. Ó ga, irun rẹ̀ pọ́n bí bàbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ìṣòro kan wà," ló wí. "Mo ti mú bọ́ọ̀lù mi nílẹ̀ kí n lè nù ún. Mo fi àmì mi síbi tó wà. Ní báyìí, àmì ti pọ̀ bí ìràwọ̀. Èwo ni tèmi?"

"Kí ni ẹ fi ń ṣe àmì?"

"Sísì kan. Ti ayé ọba."

Effie ṣí ọwọ́ rẹ̀. Sísì méjì ló wà níbẹ̀, fàdákà méjèèjì ti ṣá, orí ọba kan náà ló sì wà lójú wọn. "Ti ìyá mi ni ọ̀kan," ló wí. "Òun náà fi ń ṣe àmì."

"Ṣé wọ́n ń gbá gọ́ọ̀fù ni?"

"Wọ́n ń gbá a. Wọ́n kú nígbà òtútù tó kọjá."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó mú ọ̀kan nínú sísì náà láìyàn.

"Ó dáa, ẹ fi bọ́ọ̀lù yín sílẹ̀ kí ẹ máa bá eré yín lọ," ni Effie wí.

"Síbo? Mi ò mọ ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ mọ́."

"Ẹ fi síbi tó bá wù yín. Ta ló rí yín?"

"Èmi rí ara mi," ló dáhùn. Ó ki bọ́ọ̀lù bọ àpò, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì fi ihò náà sílẹ̀ láìparí.

Effie wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ̀ lẹ́yìn òkìtì yanrìn. Ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń wò ó. Kò fẹ́ràn gọ́ọ̀fù. Gọ́ọ̀fù ló máa ń gba bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta nígbà tó wà lọ́mọdé. Ibikíbi tí wọ́n bá lọ gbá a, wọ́n á mú ohun kékeré kan bọ̀ wálé, wọ́n á jù ú sínú agolo. Àwọn agolo náà wà lábẹ́ ibùsùn títí Nettie, ìyá rẹ̀, fi kú. Nígbà yẹn ni bàbá, Wattie Lumsden, sọ pé kò yẹ kí ìrántí Nettie máa jókòó nínú òkùnkùn, pé kí wọ́n wá ẹni tó lè kan àpótí onígíláàsì tí wọn yóò gbé kọ́ ògiri yàrá iwájú. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni Effie ń gbé agolo àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí Wattie gbé sísì náà súnmọ́ fèrèsé ní ọjọ́ yẹn, ojú rẹ̀ yí padà.

"Èyí kì í ṣe ti Nettie."

"Bàbá, sísì ni sísì."

"Ti Nettie ní ojú ìṣó lára. Inú bàtà ló wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ìṣó gìgísẹ̀ sì ha á. Lọ wá a wá fún mi."

Kò sí ìdí fún Effie láti wá a. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin onírun pupa náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí orí rẹ̀ má baà gbá àtẹ́rígbà, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù bàtà tí Effie ti ń ṣiṣẹ́.

"Mo béèrè ẹni tó ń da agolo bisikíìtì sílẹ̀ lórí pápá," ló wí. "Gbogbo wọn ló ní ọmọ Wattie ni. Ẹ gbà. Sísì yìí ní ojú ìṣó lára, tèmi kò ní."

Effie gbà á. Ó fi aṣọ ìnubàtà bo ojú tó fẹ́ da omi, ó ṣe bí ẹni tó ń nu owó náà. "Ẹ ṣeun. Bàbá mi kò sùn." Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ ra bàtà ni? Mi ò rò pé a ní èyí tó gba ẹsẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kí ẹ máa wọ̀."

"Níbi tí mo ti wá, ọkọ̀ ojú omi náà la fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Erlend Rendall ni orúkọ mi. Erékùṣù Orkney ni mo ti wá. Àga ṣọ́ọ̀ṣì yín ni mo ń tún kàn."

"Káfíńtà ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ."

Ni Effie bá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà òtútù.

Báyìí ni Erlend ṣe di ẹni tó ń wá sí ilé Lumsden ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wattie kì í ṣe ẹni tó ń yá mọ́ ènìyàn. Iṣẹ́ gbígbé àpò ọ̀pá fún àwọn ọlọ́lá ló fi bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, ó sì kọ́ níbẹ̀ pé ẹnu tó bá dákẹ́ kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n da àwọn agolo sórí tábìlì, ahọ́n rẹ̀ tú.

"Pẹ́ńsùlù yìí, òjò pa wá lọ́jọ́ náà títí omi fi ń ti inú ihò etí Nettie jáde. Èèkàn yìí, ó ṣẹ́ ẹ lórí ihò àkọ́kọ́, ó ní kí n má jù ú nù, ó ní òun fẹ́ rántí ìtìjú òun. Báàjì yìí—" Ó yí i wò. "Báàjì yìí, a jà lọ́jọ́ náà."

"Kí lẹ jà lé lórí, sà?" ni Erlend béèrè.

"Mi ò rántí. Ìjà náà dùn, ṣá."

Effie dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìkòkò tíì lọ́wọ́. Ó ti ń rí àwọn nǹkan wọ̀nyí láti kékeré, kò gbọ́ ìtàn ọ̀kankan nínú wọn rí. Ó rò pé àwọn ọjọ́ tí wọ́n jí gbé lọ́wọ́ òun ni. Kò mọ̀ pé odindi ayé ni wọ́n ń kó bọ̀ wálé, ẹyọ kan ní ìgbà kan.

Igi àga ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ni Erlend fi kan àpótí náà. Ó pín inú rẹ̀ sí àwọn ihò kéékèèké onígun mẹ́rin. Nígbà tó béèrè bí ihò kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fẹ̀ tó, Wattie mú ọ̀pá kúkúrú tí Nettie fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò wá láti igun yàrá.

"Fi orí ọ̀pá rẹ̀ wọ̀n ọ́n," ló wí. Ó sì jáde lọ wo ọgbà.

Ohun tó ń dàgbà láàárín Erlend àti Effie kò ní ariwo. Ó máa ń wá kí àsìkò tó tó, Effie náà a sì máa pẹ́ kí ó tó gbé tíì wá kí àlejò lè pẹ́ kí ó tó lọ. Jess Moncur tó ń gbé ní ilé kejì kò ṣàì rí i.

"Effie, àpótí yẹn mà ń gba àkókò o," ló wí láti òdìkejì ọgbà. "Ọkọ̀ Nóà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Iṣẹ́ ọwọ́ dáadáa kì í yá, Jess."

"Mo gbà. Ojú ìwọ náà ti ń dán bí ẹni tí wọ́n fi òróró igi pa."

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé àpótí náà kọ́ ògiri, láàárín ibi ìdáná àti fèrèsé, oòrùn wọlé wá bá gíláàsì rẹ̀. Gbogbo nǹkan wà ní àyè wọn. Sísì Nettie ló wà ní àárín gbùngbùn. Ihò kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Sísì tìrẹ dà?" ni Effie bi Erlend. Kò sọ "ẹ" fún un mọ́ nígbà yẹn.

"Kí ni kí n wá fi ṣe àmì?"

"Fi bọ́tìnnì ṣe é. Mú un wá."

Ó mú un jáde nínú àpò. Effie gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí ihò tó ṣófo náà, sísì méjèèjì wá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wattie rí i. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ láìmu ún tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jókòó sórí ògiri etí òkun, wọ́n ń jẹ ẹja yíyan láti inú ìwé tí wọ́n fi dì í.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi ní Orkney," ni Erlend wí. "Ilé wà lẹ́yìn rẹ̀. Atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀. Igi ni kò sí."

"Káfíńtà wo ló ń gbé ibi tí kò sí igi?"

"Òkun máa ń gbé e wá. Ẹni tó bá ní sùúrù kò ní ṣàìrí igi."

"Sùúrù ni kí n wá fi dáná nígbà náà?"

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Effie, ṣé wàá bá mi lọ?"

Effie ká ìwé ẹja náà pọ̀ títí ó fi kéré. "Bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ná. Lẹ́yìn náà, wá bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì."

Erlend kò gbọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè náà lọ́dún yẹn.

Kí ó tó ráyè bá bàbá sọ̀rọ̀, Wattie ló kọ́kọ́ pè é jáde sórí pápá. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi dé ihò tó kọjú sí òkun. Àwọn tó bá mọ eré náà mọ àṣà kan tó wà nínú rẹ̀. Bí àmì rẹ bá wà lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù mi yóò gbà, mo lè ní kí o sún un. Wàá fi orí ọ̀pá rẹ wọn ibi tó wà, wàá sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n orí ọ̀pá kan, èmi á sì gbá tèmi kọjá. Lẹ́yìn náà, ìwọ fúnra rẹ ni yóò dá a padà kí o tó gbá tìrẹ. Bí o bá gbàgbé, o jìyà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní kí o sún un fi gbọ́dọ̀ rán ọ létí. Ẹni tó bá dákẹ́ kí ọmọnìkejì rẹ̀ lè ṣìṣe, kò sí ẹni tí yóò bá a mu ọtí ní Pitlarrie.

"O fẹ́ mú ọmọ mi lọ," ni Wattie wí.

"Bí ẹ bá gbà, sà. Bí òun náà bá gbà."

"Ó máa gbà. Mo lójú." Àgbàlagbà náà wo omi. "Mi ò tíì mọ bí ilé ṣe ń rí láìsí Nettie. Bí Effie náà bá lọ nísinsìnyí, mi ò ní lè là á kọjá. Àmì rẹ wà lójú ọ̀nà mi, ọmọ. Sún un fún mi."

Erlend yí ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. "Títí di ìgbà wo?"

"Kí ìgbà òtútù yìí kọjá."

"Ta ni yóò sọ fún mi pé ọ̀nà ti mọ́?"

"Èmi. Ṣùgbọ́n má sọ fún un. Bó bá mọ̀, á dúró nítorí mi, á sì kórìíra mi. Tàbí kí ó lọ, kí ó sì kórìíra ara rẹ̀."

Ọ̀dọ́kùnrin tó bá gbọ́n jù ú lọ ì bá kọ̀. Ṣùgbọ́n Erlend ni ẹni tó fi ihò sílẹ̀ láìparí nítorí pé kò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà gan-an. Ọ̀rọ̀ òfin kò ṣòro láti fi mú un. Ó gbà.

Nígbà tó wá dágbére, Wattie kò sí nílé. Effie dúró ní àárín yàrá, ó kó apá méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà.

"O ń lọ. Ó parí síbẹ̀?"

"Mò ń lọ sílé."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí wọn yóò fi pè mí."

"Bó bá jẹ́ èmi ni ò ń dúró dè kí n pè ọ́, wàá pẹ́ níbẹ̀. Èmi kì í pe ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Ó tún wá jẹ́ irú ẹsẹ̀ yẹn!"

Ẹ̀rín kò jáde lẹ́nu ìkankan nínú wọn. Erlend ṣí gíláàsì àpótí náà. Ó fi ìka kan gbé sísì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Nettie, ó gbé e sí ihò tó tẹ̀ lé e, lọ́dọ̀ èèkàn tí Nettie ṣẹ́.

"Mi ò mú un kúrò o, Effie. Wò ó dáadáa. Mo sún un ni."

Effie wò ó. Ohun tó rí kò ju àlàfo lọ. Ó rí ọkùnrin kan tó fi àyè sáàárín ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé yìí, tó sì tún ní kí òun wò ó dáadáa. Kò gbá gọ́ọ̀fù rí láyé rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Nígbà tí Wattie dé, ó rí i láti ẹnu ọ̀nà kí ó tó bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀. Ìwọ̀n orí ọ̀pá kan gẹ́lẹ́. Òun mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó sì rí i pé ọmọ òun kò mọ̀.

Ìgbà òtútù gùn lọ́dún yẹn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Effie máa ń nu eruku àpótí náà. Ó máa ń gbé ohun kọ̀ọ̀kan, á nu abẹ́ rẹ̀, á dá a padà. Bó bá dé orí sísì yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà ló fẹ́ gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ló fẹ́ sọ ọ́ sínú òkun. Ibi tí ọwọ́ Erlend gbé e sí náà ló ń fi í sílẹ̀ sí, nítorí pé ọwọ́ Erlend ló gbé e síbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, bí ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bá wọlé, Effie á wọn ẹsẹ̀ náà láìsọ̀rọ̀. Jess Moncur gbìyànjú láti dá a lẹ́rìn-ín. "Apẹja pọ̀ ní èbúté, Effie. Ó ṣe jẹ́ onígi lo ń wá?" Effie dá a lóhùn pé òun kò wá ẹnikẹ́ni. Jess tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré kò tún fi ṣeré mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọbẹ̀ ọkà báálì wá fún un.

Ní Orkney, Erlend ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kan pósí, ó ń tún ọkọ̀ ṣe. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó fi igi tí òkun gbé wá kan àga bí wọ́n ṣe ń kan án níbẹ̀, ó fi koríko hun ẹ̀yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà wọlé bá ẹni tó jókòó. Ìwọ̀n obìnrin ni. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Kò jókòó sí i, kò sì jẹ́ kí àlejò jókòó sí i. Bí fóònù bá dún, iṣẹ́ á dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà òtútù kọjá. Àwọn àgùntàn bímọ. Fóònù dún, ti ẹni tó fẹ́ ṣe fèrèsé ni.

Wattie kò gbàgbé. Ká ní ó gbàgbé ni, ì bá sàn. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó kọjú sí ògiri náà, tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí aya rẹ̀ kú máa ń di ohun tó kù mú débi pé kò ní mọ̀ pé òun ń fún un lọ́rùn. Ó ń rí ọmọ rẹ̀ tó ń jẹun bí ẹni tó ń san gbèsè. Ó ń rí aṣọ ìnueruku tó dúró lójú kan. Ó gbé ìwé ìròyìn bo ojú.

Ẹ̀rùn dé, koríko pápá sì gbẹ. Wattie ń bá àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Gavin Auchterlonie, gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n dé ihò tó kọjú sí òkun, àmì àlùfáà wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Wattie ní kí ó sún un. Ó gbá tirẹ̀ kọjá, bọ́ọ̀lù wọ ihò. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé bọ́ọ̀lù tirẹ̀ kalẹ̀ níbi tí àmì náà wà.

"Ẹ dá a padà ná," ni Wattie wí. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, kò tilẹ̀ rò ó.

"Ọlọ́run mi! Mo ti gbàgbé pátápátá." Àlùfáà rẹ́rìn-ín. "Wattie, kò sí olóòótọ́ bíi tìrẹ lórí pápá yìí. Nettie ì bá yangàn."

Wattie dúró. Àsíá orí ihò ń lù pẹ́pẹ́ nínú atẹ́gùn. Ó wo ibi tí òun àti ọmọ Orkney yẹn dúró sí lọ́dún tó kọjá. Ó gbé àpò rẹ̀.

"Wattie? Eré kò tíì parí."

"Ẹ ti borí," ni Wattie wí, ó sì forí lé ilé.

Effie wà lórí àga kékeré níwájú àpótí, aṣọ ìnueruku lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ kò bọ́ bàtà gọ́ọ̀fù rẹ̀ kí ó tó tẹ kápẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù.

"Effie, sọ̀ kalẹ̀. Sísì yẹn. Kí lo rò pé ó túmọ̀ sí?"

"Pé ó lọ."

"Kì í ṣe pé ó lọ." Ó nawọ́ sí i. "Ẹni tó bá ti parí eré, á mú àmì rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá sún un, ẹni tó ń padà bọ̀ ni. Èmi ni mo ní kí ó sún un. Mo ní kí ó má sọ fún ọ. Mo ṣèlérí pé màá pè é bí ìgbà òtútù bá kọjá. Mi ò pè é."

Effie kò pariwo. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ẹ jókòó síbí. Ẹ ń wò mí tí mò ń nu eruku ara rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Màmá ì bá rán an létí."

"Kí bọ́ọ̀lù mi tó wọ ihò ni ì bá ti rán an létí," ni Wattie wí, omi sì dà lójú rẹ̀. Effie kò rí ẹkún rẹ̀ rí, kódà lẹ́bàá ibojì.

Ó fi í sílẹ̀ kí ó sunkún. Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó mú fóònù, ó gbé e sí orí itan bàbá rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí," ló wí. "Ẹ pè é."

Fóònù dún pẹ́ ní òdìkejì kí wọ́n tó gbé e. Ariwo ayùn dákẹ́.

"Rendall nìyí."

"Wattie Lumsden ni. Ọ̀nà mi ti mọ́." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ó ti mọ́ tipẹ́. Mo jẹ ọ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Wá dá àmì rẹ padà."

Atẹ́gùn Orkney nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà béèrè jẹ́jẹ́ pé: "Ṣé ó mọ̀?"

Effie gba fóònù. Ó ti to ọ̀rọ̀ líle jọ fún un pẹ̀lú, nítorí pé òun náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ èémí rẹ̀, èyí tó rọ̀ jù nínú wọn ló bọ́ sílẹ̀.

"Òpònú ẹlẹ́sẹ̀ ọkọ̀," ló wí. "Àwọn méjì tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ló dákẹ́, èmi tí mi ò mọ̀ lẹ fi ṣọ́ ọ."

"Mo ní kí o wò ó dáadáa."

"Mo wò ó títí ojú fi fẹ́ fọ́. Nígbà mìíràn, fi ẹnu sọ̀rọ̀ bí ènìyàn."

"Mo ń bọ̀," ni Erlend wí. "Ó dára bí mo ṣe fi ẹnu sọ ọ́ yẹn?"

Ó wọkọ̀ ojú omi, ó wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó tẹ orí ba wọlé ní ilé Lumsden, Wattie dìde fún un, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Erlend ṣí gíláàsì. Ó fi ìka kan náà gbé sísì rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ èèkàn tó ṣẹ́, ó dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Nettie. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà.

"O ní o fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Effie, ṣé wàá bá mi lọ?"

"Ṣé ibì kan wà tí mo lè jókòó sí níbi tí kò sí igi yẹn?"

"Àga kan wà. Ó ti ń dúró dè ọ́ láti ìgbà òtútù."

"Ó dáa," ni Effie wí. "Kò yẹ kí àga máa dúró lásán."

Ní àárọ̀ ìgbéyàwó, Wattie kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ti mú sísì Nettie jáde kúrò nínú àpótí, ó fi sínú bàtà òsì Effie bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyàwó ní ìlú wọn, ó sì so okùn bàtà náà fúnra rẹ̀.

"Ó máa gún ọ lẹ́sẹ̀," ló wí.

"Ó gún màmá náà."

Ní ọjọ́ kejì, ní ibùdókọ̀ ojú irin, Effie bọ́ bàtà náà ní gbangba, ó mú sísì jáde, ó sì nà án sí bàbá rẹ̀. "Ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀, Bàbá. Kí àárín àpótí yín má baà ṣófo."

Wattie ká ìka ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó náà. "Mú un dání," ló wí. "Mo sún un ni. Nígbà tí ẹ bá wá nígbà ẹ̀rùn, ìwọ ni kí o dá a padà."

Ọkọ̀ gbéra. Wattie gba ojú ọ̀nà orí pápá délé, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì dúró fún un títí ó fi kọjá. Ó mú aṣọ ìnueruku, ó ṣí gíláàsì. Ó gbé sísì Erlend, ó nu abẹ́ rẹ̀, ó dá a padà. Ó nu ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀. Kò fi ohunkóhun dí i.

"Mi ò ní gbàgbé láti rán wọn létí, Nettie," ló wí, ó sì pa gíláàsì dé.